Àwòrán Ère Àtijọ́ Lára Ògiri Ilé Wa

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ọ̀ràn oúnjẹ tàbí ti ìtọ́jú ọmọ, bí ó ti máa ń rí lójú ìwé yìí. Ọ̀ràn àwòrán inú férémù ni. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún àgbàlagbà, kí ó ṣe sùúrù fún wa díẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Ìpàta, ní ìlú Ìlọrin, opó olùkọ́ kan ránṣẹ́ pè wá. Ọkọ rẹ̀, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi àpótí kan sílẹ̀ nígbà tí ó kú, férémù mẹ́fà ni a sì bá nínú rẹ̀. Méjì jẹ́ àwòrán ère àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù, tí a tẹ̀ ní ìlú òyìnbó láyé àtijọ́. Ọwọ́ òyìnbó kan tí ó ń kó ẹrù padà lọ sí ìlú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti rà wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ojú-ìwé ìròyìn tí ó ní àwòrán àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀. Mẹ́ta tí ó kù jẹ́ fọ́tò àwọn ère òkúta Èsìẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí wa rárá. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ ní kí a kó gbogbo rẹ̀ jáde kí a sun ún níná, nítorí pé ère ni, ilé onígbàgbọ́ kò sì gbọdọ̀ tọ́jú ère. Èyí àbúrò ní kí a tà á fún oníṣòwò kan tí ó ń ra ohun àtijọ́ kiri, tí ó sì ti na owó díẹ̀ sí wọn. Ìyá wọn kò fẹ́ tọ̀tún, kò fẹ́ tòsì. Ó ní, "Bàbá Katikíìsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí."

A kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ kó òrìṣà wọn síta, wọ́n sì sun wọ́n lójú gbogbo ìlú, ó sì ná wọn ní ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ohun tí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka òfin kejì dé òpin. Ohun tí a kọ̀ fún wa níbẹ̀ ni kí a yá ère kí a sì forí balẹ̀ fún un. Ìwé Ẹ́kísódù kan náà tí ó gbé òfin yìí kalẹ̀ ní orí 20 ni ó pàṣẹ ní orí 25 pé kí a fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí ìtẹ́ àánú. Bí ẹ bá sì ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 17, ẹ ó rí i bí Paulu mímọ́ ti rìn yí ìlú Áténì ká, tí ó ń wo àwọn ohun ìsìn wọn, tí ó dúró ka àkọlé tí ó wà lára pẹpẹ kan, tí ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ sí ìbọ̀rìṣà wọn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò torí èyí di ojú rẹ̀. Àwòrán orí bébà tí ẹnikẹ́ni kò bọ rí, tí a kò ta epo sí, tí a kò pa adìẹ fún, kò lè di òrìṣà nítorí pé a fi ìṣó kọ́ ọ mọ́ ògiri.

Ọ̀ràn kan wà tí ó le ju ti ère lọ, àwọn ìyá ni ó sì máa ń bi wá léèrè rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́: ìhòòhò. Àwọn ará Gíríìkì kò ka ìhòòhò ọkùnrin sí ohun ìtìjú. Ìhòòhò ni àwọn eléré ìje wọn ń sáré, ìhòòhò náà ni wọ́n sì gbẹ́ ère wọn. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a má gbé irú èyí sí yàrá àlejò, níbi tí ìyá àgbà ń jókòó sí, tí àwọn àna wa sì ń wọlé sí. Bí bàbá ilé bá ní yàrá ìwé tirẹ̀, kí ó gbé e síbẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ orí àti èjìká nìkan kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí pẹ̀lú, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ ní Ìlọrin. Wọn kì í fẹ́ kí àwòrán ènìyàn dojú kọ wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kírun. Bí àkókò ìrun bá bá wọn ní ilé wa, ìwà ọmọlúwàbí ni kí a fi yàrá tí kò ní àwòrán hàn wọ́n, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè.

Ó yá, kí ni àwòrán àtijọ́ wọ̀nyí gan-an? Kí ayé tó mọ fọ́tò, tí a kéde rẹ̀ ní ọdún 1839, ẹni tí kò dé Róòmù kò lè rí ère Róòmù, àfi kí ẹlòmíràn yà á fún un. Oníṣẹ́ ọnà a mú awo bàbà pẹlẹbẹ, a sì fi irin ẹnu ṣóńṣó fín in, gẹ́gẹ́ bí àwọn afíngbá wa ti ń fín igbá. A fi tàdáwà kún inú àwọn ìlà náà, a nu ojú awo nù kí ó mọ́, a gbé bébà tí a ti fi omi rin lé e lórí, a sì tì í gba abẹ́ ẹ̀rọ tí ó wúwo. Bébà a fa tàdáwà inú ìlà mu, àwòrán a sì jáde. Ní ọdún 1638, ará Faransé kan, François Perrier, tẹ ìwé kan jáde ní Róòmù tí ó kó 100 àwòrán irú ère bẹ́ẹ̀ jọ, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Róòmù rí ni ó sì fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa rìnrìn àjò lọ sí Ítálì, wọn a sì ra àwòrán ère bọ̀ bí àwọn alálàájì wa ti ń ra tẹ̀sùbáà bọ̀ láti Mẹ́kà. Wọn a fi sínú férémù, wọn a gbé e kọ́, kí àlejò lè mọ ibi tí wọ́n ti dé.

Ọ̀kan nínú méjì tí ó wà nínú àpótí opó yìí ni ère Laocoön. Àlùfáà ìlú Troy ni Laocoön nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì. Ejò ńlá méjì ni ó jáde láti inú òkun, tí wọ́n sì lọ́ mọ́ òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lára. A hú ère náà jáde nínú oko àjàrà kan ní Róòmù ní oṣù kìíní ọdún 1506, Póòpù Julius Kejì sì rà á. Nígbà tí a hú u, apá ọ̀tún bàbá náà ti kán dànù. Àwọn tí ó tún un ṣe lẹ́yìn náà fún un ní apá tuntun, wọ́n sì na apá náà sókè ọ̀run gbọnrangandan, nítorí pé ó dára lójú wọn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1906, ọ̀gbẹ́ni Ludwig Pollak fi apá òkúta kan han ayé tí ó rí nínú ṣọ́ọ̀bù agbẹ́kùúta kan ní Róòmù, apá tí ó ká sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé tó gbà, ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1957 sí 1960, a yọ apá nínà kúrò, a sì dá ti àkọ́kọ́ padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ wo ère náà ní Fátíkánì lónìí yóò bá apá náà ní kíká sẹ́yìn orí, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí ó wà ní Ìpàta, ó nà síbẹ̀. Àwòrán náà kò purọ́. Bí ère náà ti rí ní ọjọ́ tí a yà á ni ó sọ, kò sì sí ohun mìíràn nínú ilé náà tí ó lè sọ ọ́.

Àwọn kan yóò béèrè bí a ti ṣe mọ̀ pé àwòrán kan jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, tí kì í ṣe èyí tí a tẹ̀ lánàá tí a sì fi tíì rì kí ó lè pọ́n. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù ná, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ. Ẹ wo etí àwòrán: ẹ̀rọ wúwo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń tẹ etí awo bàbà wọ inú bébà, yóò sì fi ojú-ìlà tí ó jìn díẹ̀ yí àwòrán ká, tí ìka lè mọ̀ lára. Ẹ mú dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí ẹ fi wo ojú àwòrán. Bí ẹ bá rí ìlà tí ó dán tí ó sì gún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ lórí bàbà. Bí ẹ bá rí àmì tó-tò-tó tí ó tò bí ojú asẹ́, ẹ̀rọ ayé òde òní ni ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bébà náà sí ìmọ́lẹ̀. Bébà tí a ṣe kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1757 ní àwọn ìlà tín-ín-rín tí ó sún mọ́ra nínú, nítorí pé orí wáyà ni a gbé dà á; láti ara àkísà ni a sì ti ṣe é, ìdí nìyí tí ó fi lè funfun fún 300 ọdún. Bébà tí a fi igi ṣe, tí ó gba ayé kan láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, a máa pọ́n, a sì máa rún wómúwómú lọ́wọ́. Ohun kan tún wà tí ó máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín: nínú àwòrán àtijọ́ mìíràn, ọwọ́ ọ̀tún ère ti di ọwọ́ òsì. Ẹni tí ó fín awo yà á bí ó ti rí i, bébà sì gbà á sí òdì bí ojú inú dígí. Kì í ṣe àbùkù. Nígbà mìíràn, àmì pé ó jẹ́ ti àtijọ́ ni.

Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ń ra odindi ìwé àtijọ́, tí wọn a fi ọ̀bẹ gé gbogbo àwòrán inú rẹ̀, tí wọn a sì tà wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú férémù. Àwa kò fẹ́ràn ìwà yìí. Ìwé tí ó ti la ogun àti òjò kọjá fún 200 ọdún, ẹni kan a wá tú u ká ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí èrè. Bí ẹ bá bá ojú-ìwé tí a ti gé, a kò lè ní kí ẹ má rà á, nítorí pé ó ti kú ná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò gbé ọ̀bẹ sí i.

Ṣùgbọ́n ojú-ìwé ìròyìn ti Ilé-Ifẹ̀ ni ó mú wa jókòó pẹ́ jùlọ. Ní ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀, ó sì rí orí idẹ kan tí a mọ̀ sí orí Olókun. Ó san owó fún un, ó sì fẹ́ gbé e lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, wọ́n sì mú kí ó dá a padà. Nígbà tí ó wá jókòó láti kọ ìwé rẹ̀, kò lè gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe ohun tí ó rí. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, láti ìlú Atlantis tí òkun bò mọ́lẹ̀, ni wọ́n wá dó síhìn-ín. Ẹ wo ọkùnrin náà. Ó dúró ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ Ifẹ̀ yí i ká, ojú tí ó wà lára idẹ náà jọ ojú àwọn tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ń wá ẹni tí ó ṣe é lọ sí abẹ́ òkun.

Ní ọdún 1938, bí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kan orí idẹ mìíràn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1939, ìwé ìròyìn Illustrated London News tẹ àwòrán wọn jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ. Nínú àkọlé rẹ̀, a pe ẹni tí ó rọ àwọn orí náà ní Donatello ilẹ̀ Nàìjíríà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Donatello jẹ́ àgbà nínú àwọn agbẹ́rè Ítálì, ó sì kú ní ọdún 1466. Ó dára ju ọ̀rọ̀ Frobenius lọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ sọ pé láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a rọ àwọn orí náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú àwọn arọdẹ Ifẹ̀ wọ̀nyí ti jẹ́ àgbà kí a tó bí Donatello. Ta ni ó yẹ kí a fi orúkọ ta pè?

Bí wọ́n ti ṣe é yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. A ó fi amọ̀ mọ inú orí, a ó fi ìda oyin bo amọ̀ náà, a ó sì gbẹ́ ojú, imú, ètè àti ìlà ojú sára ìda náà wínníwínní. A ó fi amọ̀ mìíràn bò ó, a ó sì gbé e sínú iná. Ìda a yọ́ jáde, àyè rẹ̀ a ṣófo, a ó sì da idẹ yíyọ́ sí àyè náà. Nígbà tí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ òde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí ó bá bàjẹ́, ìda ti lọ, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olóògbé náà kọ pẹ́ńsù sí ẹ̀yìn férémù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ni ó sì kọ. Laocoön ni 1, orí Ifẹ̀ ni 2. Opó rẹ̀ sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gbé wọn kọ́ sí iwájú kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì ní sọ ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá títí àwọn ọmọ yóò fi sọ èyí tí ó wù wọ́n. A rò pé ẹ̀kọ́ rere ni. Ọmọ tí kò rí nǹkan kan lára ògiri ju iṣẹ́ ọwọ́ òyìnbó lọ, kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún un pé àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan; ògiri ti sọ ọ́.

A tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ó ti rí fún orí Olókun. Ní ọdún 1949, àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì méjì, Leon Underwood àti William Fagg, kọ̀wé pé orí tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́, pé àdàkọ ni, ayédèrú tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tí wọ́n fi ohun èlò òde òní yẹ̀ ẹ́ wò kọ tiwọn pé ó jọ pé ojúlówó ni nígbà gbogbo. Nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, àwòrán tí a yà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba rìbá.

Èyí ni ó mú wa dé orí àwọn fọ́tò Èsìẹ́, àwọn tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fẹ́ jù sínú iná. Ère òkúta tí ó wà ní Èsìẹ́ ju 800 lọ: ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn di ohun ìjà mú, àwọn mìíràn ohun èlò orin, ìlà wà lójú wọn, irun wọn sì ga ní dídì. Òkúta rírọ̀ tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni a fi gbẹ́ wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ sọ pé àwọn baba ńlá wọn bá wọn nínú igbó, pé àlejò ni wọ́n tí a sọ di òkúta. Ẹni tí ó gbẹ́ wọn ní tòótọ́ kò tí ì hàn sí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, tí ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ fún àwọn ará òde. Inú wa dùn láti sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọ ni, kò sì ní kí a sun wọ́n. Ní ọdún 1945 a dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Láàrin ọdún 1965 sí 1966, Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń to àwọn ère náà, ó ń ya fọ́tò wọn, ó sì tẹ ìwé lórí wọn jáde ní ọdún 1978.

Òkúta rírọ̀ kì í pẹ́ kán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni orí wọn ti ya kúrò lọ́rùn. Olè sì ń bẹ. Ní ọdún 2000, àjọ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti àgbáyé, tí a ń pè ní ICOM, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olè ń dá lójú jùlọ, ère òkúta Èsìẹ́ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun Ifẹ̀. Bí a bá jí ère kan, tí a sì rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Parísì, kí ni a ó fi sọ pé tiwa ni? Òkúta kò ní ẹnu. Fọ́tò ni. Fọ́tò tí ó fi ère kan hàn pẹ̀lú orí rẹ̀, kí orí náà tó kán, lè jẹ́ kí a mọ orí wo ni ti ọrùn wo. Ohun tí ó wà nínú àpótí náà nìyẹn, tí iná ìdáná kan ì bá sì jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹjọ́ tí a dá nìyí. A ní kí ẹ̀gbọ́n gbé fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Èsìẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó fi wọ́n han àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ kí wọ́n lè ya àdàkọ wọn, kí ó sì mú ti bàbá rẹ̀ padà wálé. Ó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti rò lọ, kò sì sọ̀rọ̀ iná mọ́. Fún àbúrò, a ní kí ó má bínú: tí àwòrán bébà bá jẹ́ tirẹ̀, ó lè tà á, ṣùgbọ́n àpótí náà kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bẹ láàyè. A sì kìlọ̀ fún un nípa oníṣòwò náà, tí ó béèrè bóyá "òkúta gan-an" wà nílé pẹ̀lú. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni tí ìjọba kò fún ní àṣẹ máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí kí ó kó o jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Àwòrán ère kò ní ẹjọ́ kankan nínú. Ère fúnra rẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ilé ẹjọ́.

Ó ku ìtọ́jú. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa kò ṣe bébà lóore. Ní ìgbà òjò a máa tutù, a sì máa bu bí iṣu gbígbẹ tí a gbé síbi ọ̀rinrin; ní ìgbà ọyẹ́ a máa gbẹ, a sì máa ká. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń kan férémù, wọ́n mọ igi gé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fi gọ́ọ̀mù tàbí ẹ̀kọ lẹ àwòrán mọ́ pákó. Ẹ má gbà fún wọn. Gọ́ọ̀mù a máa pọ́n bébà, ẹ̀kọ sì jẹ́ oúnjẹ fún aáyán àti fún kòkòrò aláwọ̀ fàdákà nì tí ń jẹ ìwé. Ẹ ní kí ó gé páálí funfun tí ó dára yí àwòrán ká, kí àwòrán má bàa fara kan dígí, nítorí pé bí dígí bá láàgùn, yóò fà á mọ́ra, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣí i yóò ya á. Ẹ má gbé e kọ́ sí ògiri tí òjò ń lù láti òde, tàbí síbi tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé dé. Oòrùn a máa jẹ tàdáwà díẹ̀díẹ̀ láìdún. Àwọn bàbá wa máa ń gbé àwòrán kọ́ sókè nítòsí àjà, wọn a sì dà á kọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ikán kò sì tètè dé ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ojú ọ̀nà ikán, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu dígí. Bí àbàwọ́n bá wà lára bébà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ti rí ẹni tí ó fi ọṣẹ fọ àwòrán àtijọ́, ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó fi dí ẹnu ìgò.

Ẹ̀yìn férémù ni kí ẹ kọ orúkọ sí, pẹ́ńsù ni kí ẹ sì fi kọ ọ́, nítorí pé bírò a máa hàn kọjá sí ojú. Ẹ kọ ohun tí àwòrán náà jẹ́, ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀, ibi tí ó ti rà á, àti ọdún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Lára fọ́tò mẹ́ta tí a sọ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ní ọdún lẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá ní fọ́tò àtijọ́ ti ère Èsìẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ tí a kó lọ ṣe ìbẹ̀wò, tí ère náà sì wà ní ẹ̀yìn àwọn ọmọ, ẹ kọ̀wé sí wa kí a lè so yín pọ̀ mọ́ àwọn olùtọ́jú ibẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ nínú àpòòwé.